Ọjọ́ Tí A Dán Ìtọ́kọ̀ Tuntun Wò

Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ọkọ̀, èmi ni mo ni iṣẹ́ igi. Bí a ṣe pín in láàárín ara wa nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá kan náà ló bí wa, ṣùgbọ́n òun lọ kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná nílùú òyìnbó, ó sì gbé ìwé ẹ̀rí àti àìsàn kan tí kò lóògùn bọ̀ wálé: ó fẹ́ràn kí atẹ́gùn máa gbé òun kiri lórí omi. Èmi ní ṣọ́ọ̀bù ní Èbúté Mẹ́ta ní tèmi, mò ń kan àga àti kọ́bọ́ọ̀dù fún àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé ní Yaba. Nígbà tí òyìnbó kan tó ń padà sílé fi ọkọ̀ eré ìje rẹ̀ sílẹ̀ fún un, èmi ni ó kọ́kọ́ mú lọ wò ó. Mo wò ó títí. Ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni, wọ́n fi irin dè wọ́n pọ̀, wọ́n wá na tapólì sáàárín kí èèyàn lè jókòó sí i. Katamaránì ni wọ́n ń pè é. Mo bi í pé ẹja mélòó ló lè kó. Ó ní kò wà fún ẹja. Mo ní ṣé ó lè gbé iyanrìn. Ó ní kí n dákẹ́.

Ìtọ́kọ̀ méjì, ìyẹn pákó inú omi tó ń darí ọkọ̀, ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan nídìí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá kan á sì so wọ́n pọ̀ kí wọ́n lè jọ máa yí. Èyí tí òyìnbó náà fi sílẹ̀ kò dáa rárá. Pákó pẹlẹbẹ lásán ni, iwájú rẹ̀ ò yàtọ̀ sí ẹ̀yìn, ihò tí wọ́n fi kọ́ ọ mọ́ ọkọ̀ sì ti gbòòrò débi pé ó ń mì bí eyín àgbàlagbà. Bí atẹ́gùn bá ti le, ọkọ̀ á kọ̀, kò ní yí mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti tìtorí rẹ̀ fìdí rẹmi nínú ìdíje mẹ́ta léra wọn, ó sì ká a lára. Kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Ṣùgbọ́n bó bá ń jẹun lọ́wọ́ tó ṣàdédé dákẹ́, ìyàwó rẹ̀ á ní, "Wọ́n tún ti wà lórí omi."

Ọdún kejì tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì títì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ni mo ṣe ìtọ́kọ̀ tuntun fún un. Mo la igi ọ̀gánwó sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, mo dojú wọn kọra kí igi má baà lọ́ tó bá yá, mo wá fi gọ́ọ̀mù alágolo méjì lẹ̀ wọ́n, irú èyí tí èèyàn gbọ́dọ̀ pò pọ̀ kó tó mú. Lẹ́yìn náà ni mo gbé ìfági lé e. Iwájú rẹ̀ ní láti yípo, ẹ̀yìn rẹ̀ ní láti fẹ́lẹ́, kí omi lè gba ara rẹ̀ kọjá láìjà. Mo gé páálí kan ní ìwọ̀n ìdajì ara rẹ̀, mò ń gbé e lé apá ọ̀tún, mò ń gbé e lé apá òsì. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti gba abẹ́ páálí yọ, iṣẹ́ ṣì kù níbẹ̀ nìyẹn. Ọ̀gá kan tó ń fi ẹ̀rọ gé irin ní Mushin bá wa ṣe òrùka idẹ tuntun sí ihò tó ti gbòòrò náà, kí ó má mì mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Mi ò tíì ṣe iṣẹ́ tó dáa tó bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú ìgbà náà, mi ò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò fi yangàn. Ẹni tó bá mọ igi ló lè mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ọmọbìnrin kan tó ti lé díẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Òun nìkan ni Ọlọ́run tíì fún wọn nígbà yẹn. Ó máa ń bá bàbá rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, á kó èérún igi sínú aṣọ, á máa bi mí ní ìbéèrè tí àgbàlagbà ò lè dáhùn. Ó bi mí rí pé ṣé ìfági máa ń dun igi. Mo ní ó máa ń dùn ún. Ó ní kí ló dé tí mi ò wá dáwọ́ dúró. Mo ní bàbá rẹ̀ ló bẹ̀ mí níṣẹ́. Ó yíjú sí bàbá rẹ̀, ó sì bá a wí níwájú àwọn oníbàárà mi.

Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ tí mo parí iṣẹ́ náà, ibà mú ọmọ yìí, wọ́n sì dá a dúró sílé ìwòsàn. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ara rẹ̀ ti balẹ̀. Bàbá rẹ̀ lọ wò ó, ó ní ó mu ògì, ó sì ń bá nọ́ọ̀sì jiyàn. Dókítà ní kí wọ́n wá mú un lọ sílé ní aago méjì ọ̀sán Sátidé. Sọ́ńdè ni ìdíje. Ẹ̀gbọ́n mi wá ní kí a dán ìtọ́kọ̀ náà wò láàárọ̀ Sátidé, kí òun lè ti orí omi lọ mú ọmọ òun.

Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ Sátidé, àbúrò bàbá wa wá kan ilẹ̀kùn ilé mi ní Yaba. Àwọn ni àgbà ìdílé láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Wọ́n di fìlà wọn mú lọ́wọ́. Kí wọ́n tó jókòó ni mo ti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, torí wọn kì í ṣí fìlà níwájú wa.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ò sí mọ́," ni wọ́n wí. "Ní ìdájí òní. Ara rẹ̀ tún ṣàdédé gbóná, kò sì rọlẹ̀ mọ́."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Ṣé wọ́n ti gbọ́?"

"Kò tíì gbọ́. Kò sì gbọdọ̀ gbọ́ báyìí."

Wọn ò ní láti ṣàlàyé fún mi. Nínú ilé tiwa, òbí kì í tẹ̀ lé òkú ọmọ rẹ̀. Kì í wo òkú náà, wọn kì í sì í sọ ibi tí wọ́n sin ín sí fún un. Àwọn àgbà ni yóò ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, wọn ó padà délé, wọn ó fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ìgbà náà ni wọn ó tó pe bàbá jókòó kí wọ́n sọ ọ́ fún un. A máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a sì máa ń ṣe báyìí. Kò sẹ́ni tó rí ìjà láàárín méjèèjì. Ìyá ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà tí ẹ̀mí bọ́, àwọn obìnrin sì ti fà á kúrò níbẹ̀ lọ sílé àǹtí rẹ̀ kan ní Mushin. Bàbá nìkan ló kù. Bó bá gbọ́, ilé ìwòsàn ni yóò forí lé, kò sì sí ẹni tó máa lè dá a dúró nínú wa.

Mo bi wọ́n pé ta ló ń kan pósí. Wọ́n ní wọ́n ti gbé iṣẹ́ náà fún ẹnì kan, kò ní pẹ́ tán.

"Iṣẹ́ tìẹ yàtọ̀," ni wọ́n wí. "Mú un dání lórí omi. Má jẹ́ kó kúrò níbẹ̀ kí aago mẹ́rin tó ku díẹ̀. A ó ti ṣe tán nígbà yẹn."

"Aago méjì ni wọ́n ní kí wọ́n wá mú ọmọ náà."

"Ìdí tí mo fi wá bá ọ nìyẹn."

Wọ́n dé fìlà, wọ́n lọ. Mo wẹ̀. Mo jẹ búrẹ́dì. Mò ń sọ ọ́ torí pé òun ló ṣì ń yà mí lẹ́nu títí dòní: mo jẹ búrẹ́dì, mo sì fi bọ́tà sí i, mo rọra tẹ́ ẹ dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo wá ẹkún nínú ara mi, mi ò rí i. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá sùn lé apá rẹ̀, tó jí, tó ń fọwọ́ tẹ apá náà tí kò mọ̀ ọ́n lára. Mo kó irinṣẹ́ mi, mo sì lọ.

Ẹ̀yìn àwọn ibi ìlagi ní Èbúté Mẹ́ta la máa ń gbé ọkọ̀ náà sí. Afárá gígùn tó gba orí ọ̀sà kọjá ò tíì sí nígbà náà. Omi nìkan lèèyàn ń wò, àti àwọn gẹdú tó léfòó létí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti débẹ̀ ṣáájú mi. Ó wọ ṣòkòtò péńpé, inú rẹ̀ sì dùn débi pé mi ò lè wò ó lójú.

"O pẹ́," ni ó wí.

"Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló ṣe ojú rẹ?"

"Ẹ̀fọn ni. Mi ò sùn dáadáa."

"Ọkùnrin tó ń fi páálí wá ìmọ́lẹ̀ kiri, kò lè ra àwọ̀n ẹ̀fọn." Ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín padà, ó sì rọrùn fún mi ju bó ṣe yẹ lọ.

A kọ́ ìtọ́kọ̀ méjèèjì mọ́ ìdí ọkọ̀. A fi téèpù wọn àlàfo tó wà láàárín wọn níwájú, a wọn ti ẹ̀yìn, torí bí ọ̀kan bá kọjú síhìn-ín tí èkejì kọjú sọ́hùn-ún, ńṣe ni wọn ó máa bára wọn fa ọkọ̀. A ti ọkọ̀ sómi, a ta ìgbòkun.

Ọ̀nà mẹ́ta la fi ń dán an wò. Àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n mi á kọjú ọkọ̀ sí òpó tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, á wá fi ọ̀pá ìdarí sílẹ̀, á máa kà. Bí ìtọ́kọ̀ ò bá dọ́gba, ọkọ̀ á yà fúnra rẹ̀ kó tó ka mẹ́wàá. Lẹ́yìn ìyẹn, á yí i lójijì, a ó wò ó bóyá yóò gbọ́ràn. Èyí tó kẹ́yìn wà lọ́wọ́ tèmi: nígbà tí atẹ́gùn bá le jù, màá dojú bolẹ̀ lórí tapólì, màá gbé etí sún mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ìtọ́kọ̀ tí ara rẹ̀ ò dán tó máa ń kùn bí oyin.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀pá sílẹ̀. Ó ka mẹ́wàá, ọkọ̀ ń lọ tààrà. Ó ka ogún. Ó ka ọgbọ̀n, ó sì dákẹ́ kíkà. Ó yí i, ọkọ̀ náà yí kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ tán. Mo dojú bolẹ̀, mo gbétí sílẹ̀. Omi nìkan ni mo gbọ́. A tún un ṣe nígbà mẹ́rin, ó sì rí bákan náà nígbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ò ní àléébù kankan. Ọjọ́ mìíràn ni, ǹ bá ti ra ọtí fún gbogbo àdúgbò.

Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀, bóyá láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé. Ó ní, "Olúwa á bù sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ìdíje ọ̀la ti parí. Ó yá, jẹ́ ká gbé e gòkè, kí n lọ wẹ̀, kí n tètè lọ dúró de ọmọ mi."

Mo wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "ó ń fà sí òsì."

Ó wò mí. "Mi ò mọ̀ ọ́n lọ́wọ́."

"Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Ipa omi lẹ́yìn wa ni mo ti rí i. Tòsì ń ru omi sókè ju tọ̀tún lọ."

Ó bojú wẹ̀yìn. Ipa méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n dọ́gba, wọ́n mọ́ bí ìgbà tí wọ́n fi rúlà fà wọ́n. Ó wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀.

"Ìwọ lo mọ igi," ni ó wí. "Bó o bá ní ó ń fà, ó ń fà nìyẹn."

Ká ní ó bá mi jiyàn ni, ì bá sàn fún mi. A padà sí èbúté, a tú tòsì. Mo gbé páálí lé e lápá méjèèjì, kò sí ìmọ́lẹ̀ tó yọ níbì kankan. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lé mi lórí, torí náà mo gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan. Mo gbé ìfági, mo fi fá igi tó pé. Fáníìṣì bó, igi pupa yọ, mo tún fá a. Ẹ̀gbọ́n mi bá mi di òdì kejì rẹ̀ mú kó má baà yẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀. Ó ní ọmọ òun ní kí wọ́n gbé òun wá wo ìdíje lọ́la, pé òun fẹ́ jókòó sáàárín ọkọ̀. Ó ní òun ti ra fìlà aṣọ kan fún un nítorí oòrùn. Ó ní bí ara rẹ̀ ò bá tíì gba eré lọ́la, a ó gbé e gun ọkọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀, nígbà tí atẹ́gùn ò bá le.

Mo ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

Nínú gbogbo irọ́ tí mo pa lọ́jọ́ yẹn, èyí nìkan ló ń bà mí lọ́kàn jẹ́ títí di ìsinsìnyí. Kò sẹ́ni tó ní kí n pa á. Ǹ bá ti dákẹ́.

A tún padà sórí omi. Nígbà tí atẹ́gùn sì mú wa dáadáa, mo gbọ́ ọ: ìtọ́kọ̀ òsì ń kùn. Èmi ni mo bà á jẹ́. Ọ̀pá ìdarí ń gbọ̀n lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó ń wò mí, ojú rẹ̀ ń sọ pé, o ò purọ́, nǹkan wà níbẹ̀ lóòótọ́. Inú mi dùn. Mo mọ bó ṣe burú tó láti sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi dùn, nítorí láti ìgbà yẹn lọ, iṣẹ́ gidi ni mò ń ṣe. Mi ò ní láti wá irọ́ mọ́.

Nígbà tí a gúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó wo aago. Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ó wo ọ̀nà tó lọ sí títì, ó tún wo ìtọ́kọ̀ tó wà láàárín orúnkún mi.

"Báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó?" ni ó bi mí.

"Ó máa pẹ́ díẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ní láti yọ́ tún. Bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ lò ó lọ́la, òní la gbọ́dọ̀ ṣe é."

Ó ronú sí i. Mò ń yọ́ igi lọ, mi ò gbójú sókè. Nígbà tó yá, ó ní, "Ìyá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n lè dúró dè mí díẹ̀." Ó jókòó sórí gẹdú kan ní tòsí mi, ó sì mú fáìlì kékeré láti bá mi tún orí píìnì tí a fi kọ́ ìtọ́kọ̀ mọ́ ọkọ̀ ṣe. Ó dà bí ẹni pé òun ló yàn láti dúró. Èmi ni mo yàn án fún un, mo sì yàn án dáadáa.

A lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó ṣì ń kùn díẹ̀. A bọ̀, mo fi sáńpépà yọ́ etí ẹ̀yìn rẹ̀ ní dídàgẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. A lọ lẹ́ẹ̀kẹrin, ó dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀pá sílẹ̀, ó ka ọgbọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí a fi gbé ọkọ̀ gòkè tán, aago mẹ́rin ku díẹ̀. Mo ní kí a gba ilé wọn ní Surulere kọjá ná, kó wẹ iyọ̀ omi kúrò lára kó tó dé iwájú àwọn nọ́ọ̀sì. Ó gbà. Nínú mọ́tò, ó ń sọ ibi tí yóò gbà ya àwọn yòókù sílẹ̀ nínú ìdíje ọ̀la. Mò ń dá a lóhùn.

Bàtà ọkùnrin pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ pupa wà lára méjì nínú wọn. Ó dúró, ó wo àwọn bàtà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì wá wo ọwọ́ mi. Mi ò mọ ohun tó ń wá níbẹ̀. Àbúrò bàbá wa jáde sí i, wọ́n dì í mú léjìká, wọ́n mú un wọlé.

"Jókòó, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Ìwọ àti ìyàwó rẹ ni Ọlọ́run dá sí."

Ó jókòó, omi ọ̀sà sì ń kán láti ara ṣòkòtò rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ọkùnrin ilé ń wá sọ́dọ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fọwọ́ kàn mí lẹ́yìn, wọ́n ń sọ pé mo ṣeun, pé mo gbìyànjú, pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè ṣe é. Mò ń sọ pé, "Ẹ ṣé, sà." Mi ò sunkún lọ́jọ́ náà, mi ò sì sunkún lọ́jọ́ kẹjọ.

Kò sẹ́ni tó lọ sí ìdíje. Ọkọ̀ náà wà níbi tí a gbé e sí, koríko hù yí i ká. Ẹ̀gbọ́n mi padà sẹ́nu iṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ padà wá sílé, mo sì ń lọ kí wọn ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn. A ó jẹun, a ó sọ̀rọ̀ nípa àìsíná. Kò sẹ́ni tó dárúkọ omi.

Ó tó oṣù mẹ́ta kí ó tó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ọ̀sán ni, mò ń fá ẹsẹ̀ tábìlì lọ́wọ́. Ó kí mi, mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé àga fún un, kò jókòó.

"Ìtọ́kọ̀ yẹn," ni ó wí, "ṣé ó ń fà sí òsì lóòótọ́?"

Mo gbé ìfági sílẹ̀. "Kò fà, Ẹ̀gbọ́n."

"Aago mélòó lo sọ fún mi pé ó ń fà?"

"Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀."

Ó mi orí, bí ẹni tó ń ṣe ìṣirò tó sì ń bára mu. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé wọ́n ti sin ín nígbà yẹn?"

Aago mẹ́ta ni wọ́n sin ín. Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi. Mo lè purọ́ fún un. Mo ti ṣe é láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nígbà kan, kò sì nira fún mi. Ṣùgbọ́n ó dúró síbẹ̀ bí ọjọ́ tó gbà pé èmi ni mo mọ igi, ó ń dúró kí n sọ fún un bó ṣe rí.

"Wọn ò tíì sin ín," mo ní.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀ tábìlì tí mò ń fá lọ́wọ́. Ó fi àtàńpàkò rẹ̀ tọ ojú igi náà lọ tọ ọ́ bọ̀.

"Ǹ bá ti rí i," ni ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n," mo dá a lóhùn. "Ẹ̀ bá ti rí i."